Ẹ̀bi, Gbèsè àti Àgbàtọ́: Kíka Ìwé Àdéhùn Àlàáfíà Ọdún 1919



Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa Ogun Àgbáyé Kìíní. Àwọn onímọ̀ ìtàn wà nínú gbọ̀ngàn yìí, n kò sì wá gba iṣẹ́ wọn ṣe. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni kí n gbé ìwé síwájú, kí n sì béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú rẹ̀. Ìwé tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ìtàn àròsọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ewì. Ìwé àdéhùn ni. Abala 440 ni ó ní, a sì fọwọ́ sí i ní ààfin Versailles ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 1919. Èrò mi nípa rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kan tí a kọ sínú rẹ̀ nítorí owó di ọ̀rọ̀ ẹ̀bi létí àwọn tí a kọ ọ́ sí, àti pé ọ̀rọ̀ mìíràn, tí ó dùn létí bí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọ, ni a fi pín ilẹ̀ àwọn ènìyàn tí a kò pè sí ìpàdé. Ṣùgbọ́n a kì í dá ẹjọ́ tí a kò gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 1914, Gavrilo Princip, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19, yìnbọn pa Franz Ferdinand, àrólé adé Austria-Hungary, àti Sophie aya rẹ̀, ní ìlú Sarajevo. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ Princip ti ju bọ́ǹbù sí wọn, kò sì bà wọ́n. Lẹ́yìn èyí ni awakọ̀ wọn ṣi ọ̀nà, tí ó sì dúró sí iwájú Princip. Ìtàn náà dùn ún sọ, ó sì rọrùn láti gbà gbọ́ pé ìṣìnà awakọ̀ kan ni ó pa àìmọye ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìṣáná kan ṣoṣo kì í jó odidi àdúgbò bí kò bá ṣe pé epo ti wà nílẹ̀ láti ilé dé ilé.

Kí ni epo náà? Láti ọdún 1871 tí Jámánì ti ṣẹ́gun Faransé, tí ó sì gba Alsace àti apá kan Lorraine lọ́wọ́ rẹ̀, ni Faransé ti ń di ìbínú sínú. Jámánì, Austria-Hungary àti Ítálì mulẹ̀ ní ọdún 1882; Faransé àti Rọ́ṣíà ṣe tiwọn ní ọdún 1894; ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì parí aáwọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú Faransé ní ọdún 1904, àti pẹ̀lú Rọ́ṣíà ní ọdún 1907. Bí Jámánì ti ń kan ọkọ̀ ogun ojú omi ni Gẹ̀ẹ́sì ń kàn jù ú lọ. Ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́ẹ̀mejì, ní ọdún 1905 àti ọdún 1911, ni ọ̀ràn Morocco fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ogun sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí ti ọdún 1911, Faransé gé apá kan nínú ilẹ̀ Congo tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ fún Jámánì láti fi tù ú nínú, Jámánì sì so ó mọ́ Kamẹrúùnù. Kò sí ẹni tí ó bi àwọn ará Congo léèrè. W. E. B. Du Bois, ọ̀mọ̀wé ọmọ Áfíríkà ní Amẹ́ríkà, kọ àròkọ kan ní ọdún 1915 láti fi hàn pé ní Áfíríkà ni gbòǹgbò ogun náà wà. Èmi kò gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀ tán, nítorí ìjà tí ó wà láàrin Austria-Hungary àti Serbia ní ìdí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Du Bois rí ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kọ̀wé ní Yúróòpù nígbà náà kò fẹ́ rí.

Lẹ́yìn ikú àrólé náà, Jámánì fi Austria-Hungary lọ́kàn balẹ̀ pé ohunkóhun tí ó bá ṣe, òun wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ni ìwé ìkìlọ̀ dé ọ̀dọ̀ Serbia, wákàtí 48 péré ni wọ́n sì fún un láti dáhùn. Serbia gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n béèrè. Ohun tí ó kọ̀ ni pé kí àwọn òṣìṣẹ́ Austria-Hungary wá bá òun ṣe ìwádìí ọ̀ràn náà lórí ilẹ̀ òun. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje, ogun dé. Rọ́ṣíà pe gbogbo ọmọ-ogun rẹ̀ jáde láti gbèjà Serbia. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ètò tí àwọn ọ̀gágun Jámánì ti ń tò láti ọdún pípẹ́ kò fi àyè sílẹ̀ fún ogun kan ṣoṣo. Bí wọn yóò bá bá Rọ́ṣíà jà, wọ́n ní láti kọ́kọ́ ṣẹ́gun Faransé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀nà tí wọn yóò sì gbà dé Faransé la àárín Bẹ́líjíọ̀mù kọjá. Gbogbo rẹ̀ ni a ti kọ sílẹ̀ pẹ̀lú wákàtí tí ọkọ̀ ojú irin kọ̀ọ̀kan yóò gbéra. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ Jámánì dojú ogun kọ Rọ́ṣíà, ní ọjọ́ 3 ó dojú rẹ̀ kọ Faransé, ní ọjọ́ 4 àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ wọ Bẹ́líjíọ̀mù, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà sì wọ ogun lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ̀sùn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kà sí Jámánì lẹ́sẹ̀ jẹ́ ẹ̀sùn nípa ìwé. Ní ọdún 1839, ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ìjọba ńlá Yúróòpù fọwọ́ sí ìwé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbógun gba ilẹ̀ Bẹ́líjíọ̀mù kọjá. Ìtàn sọ pé olórí ìjọba Jámánì, Bethmann Hollweg, bi aṣojú Gẹ̀ẹ́sì ní Berlin bóyá nítorí àjákù bébà lásán ni wọn yóò ṣe bá àwọn jà. Ọ̀rọ̀ yìí ni Gẹ̀ẹ́sì gbé káàkiri ayé: pé àwọn ń jà kí ìwé àdéhùn má baà di àjákù bébà.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1914 kan náà, nígbà tí a ń sọ ọ̀rọ̀ yìí ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn sójà ìjọba amúnisìn yìnbọn pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìjẹmọ̀ ní Abẹ́òkúta. Ìwé àdéhùn kan wà láàrin Ẹ̀gbá àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1893, tí ó gbà pé Ẹ̀gbá dá dúró lábẹ́ ìjọba ara wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án, kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n wọ ogun nítorí ìwé ọdún 1839, ìwé ọdún 1893 ti di ohun tí a fagi lé. N kò sọ pé ọ̀kan ni ó fa èkejì. Mo kàn ń tọ́ka sí i pé ọwọ́ kan náà ni ó di ìwé méjèèjì mú.

Ta wá ni ó jẹ̀bi ogun náà? Àwọn onímọ̀ ìtàn kò tíì fẹnu kò. Ní ọdún 1961, Fritz Fischer, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Jámánì, tẹ ìwé kan jáde tí ó fi ẹ̀bi tí ó wúwo jù lé àwọn aláṣẹ Jámánì lórí, ariwo ńlá sì sọ ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ní ọdún 2012, Christopher Clark tẹ òmíràn jáde, tí ó fi hàn pé àwọn aláṣẹ gbogbo Yúróòpù rìn wọ inú ogun bí ẹni tí ń rìn lójú oorun. Ní tèmi, ẹrù Vienna àti Berlin wúwo ju ti ìyókù lọ, nítorí pé wọ́n mọ̀ pé ohun tí àwọn ń ṣe lè di ogun ńlá, wọ́n sì ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹrù rẹ̀ wúwo jù kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo tí ó ru ẹrù. A ó padà sí èyí.

Iye tí ogun náà gbà lọ́wọ́ ayé ga tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ńbà kì í fi í wọ ènìyàn létí mọ́. Àwọn ológun tí ó kú tó mílíọ̀nù 9 sí mílíọ̀nù 10. Nǹkan bí mílíọ̀nù 2 ni ti Jámánì, ti Faransé sì lé ní mílíọ̀nù 1.3. Ìbọn arọ̀jò-ọta, àgbá ńlá àti wáyà ẹlẹ́gùn-ún ti sọ ogun di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè yára ṣẹ́. Àwọn ọmọ-ogun gbẹ́ yàrà láti etí òkun títí dé ààlà Switzerland, wọ́n sì ń gbé inú rẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀, iná orí àti eku. Yàrà tí àwọn baba wa ń gbẹ́ yí ìlú ká ni láti dáàbò bo ilé; èyí tí mo ń sọ yìí, òun gan-an ni ilé. Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1916, ọjọ́ kìíní ogun Somme, ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì 19,240 ni ó kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní Verdun, láti oṣù Kejì títí dé oṣù Kejìlá ọdún náà, Jámánì àti Faransé pa ara wọn lórí òkè tí kò ju ìrìn ọjọ́ kan lọ. Ní ilé, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dí ojú omi mọ́ Jámánì débi pé ní ìgbà òtútù ọdún 1916 wọ ọdún 1917, oúnjẹ tí a ń fún ẹran ọ̀sìn ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń jẹ. Wọn kò ṣí ojú omi náà tán títí di oṣù Keje ọdún 1919, lẹ́yìn tí ìbọn ti dákẹ́ fún oṣù mẹ́jọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ mọ Wilfred Owen. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 1918 ni ó kú, nígbà tí ogun ku ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún pé ogun ti parí ni tẹligíráàmù dé ọwọ́ ìyá rẹ̀. A mọ èyí nítorí pé akéwì ni, ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àwọn mìíràn sì tún kọ nípa rẹ̀. Àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn báyìí kò ní ẹni tí ó kọ nípa wọn.

Àwọn onímọ̀ ìtàn gbà pé ọmọ-ogun tí ó kọ́kọ́ yìnbọn fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lórí ilẹ̀ nínú ogun náà ni Alhaji Grunshi, ará Gold Coast, ní ilẹ̀ Togo tí ó wà lábẹ́ Jámánì, ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 1914. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ń lé ní Togo ni ibùdó wáyálẹ́ẹ̀sì Kamina, nítòsí Atakpamé, ní agbègbè tí àwọn Ifẹ̀ Àná, ẹ̀yà tiwa, ń gbé. Láti ibẹ̀ ni Jámánì ti ń bá Berlin àti àwọn ọkọ̀ rẹ̀ lójú òkun sọ̀rọ̀. Ní òru ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ àwọn ará Jámánì fọwọ́ ara wọn ba ibùdó náà jẹ́, ní ọjọ́ 26 wọ́n sì túúbá. Ogun Kamẹrúùnù ni ó pẹ́, títí di oṣù Kejì ọdún 1916, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọmọ-ogun láti Nàìjíríà. Láti ibẹ̀ ni a ti kó wọn lọ sí Ìlà Oòrùn Áfíríkà.

Ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, ọ̀nà kò sí, kòkòrò sì ń pa ẹṣin àti màlúù. Orí ènìyàn ni ó ru ogun náà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn aláàárù jọ bí ẹni ń kó igi ìdáná. Ní apá tirẹ̀ nìkan, àkọsílẹ̀ ìjọba fi hàn pé àwọn tí ó kú lé ní 90,000, àwọn onímọ̀ ìtàn sì gbà pé iye náà kéré sí òtítọ́. Àìsàn, ebi àti àárẹ̀ ni ó pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Bí ẹ bá dé Dar es Salaam, ẹ ó rí àdúgbò kan tí ń jẹ́ Kariakoo. Bí ẹ bá dé Nairobi, ẹ ó rí Kariokor. Orúkọ ẹgbẹ́ aláàárù náà ni, bí ó ti rí lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ènìyàn náà kò ní ibojì, ṣùgbọ́n orúkọ iṣẹ́ wọn di orúkọ ọjà. Lettow-Vorbeck, ọ̀gágun Jámánì ní apá ibẹ̀, kò túúbá títí di ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1918, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ìjà ti dáwọ́ dúró ní Yúróòpù.

Faransé ní tirẹ̀ kó àwọn ọmọ ilẹ̀ wa lọ sínú yàrà Yúróòpù gan-an. Nǹkan bí 30,000 nínú àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí ó kó lọ ni kò padà. Àwọn Ọ̀họ̀rí ní ilẹ̀ Dahomey dìde sí Faransé láàrin ọdún 1914 sí ọdún 1916, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì sá kọjá ààlà bọ́ sí ìhà Nàìjíríà kí wọ́n má baà mú ọmọ wọn. Nígbà tí ó sì di oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, àrùn gágá bá ọkọ̀ ojú omi dé Èkó, ó gba ojú irin rélùwéè wọ inú ilẹ̀ lọ. Ìṣirò kan tí àwọn onímọ̀ máa ń tọ́ka sí sọ pé ó pa tó ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ní Nàìjíríà. Kì í ṣe ogun ni ó dá àrùn náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun àti ìrìn àjò ọmọ-ogun ni ó gbé e rìn.

Wàyí o, ìwé àdéhùn. Ìpàdé náà bẹ̀rẹ̀ ní Páríìsì ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 1919. Wilson ti Amẹ́ríkà, Lloyd George ti Gẹ̀ẹ́sì, Clemenceau ti Faransé àti Orlando ti Ítálì ni ó jókòó sí ìdí ọ̀rọ̀. Faransé fẹ́ kí Jámánì má lè dìde mọ́. Wilson fẹ́ ayé tuntun tí Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè yóò máa parí ìjà rẹ̀. Lloyd George wà láàrin, ó ń fi etí kan gbọ́ àwọn olùdìbò rẹ̀ tí ó ti ṣèlérí fún pé Jámánì yóò sanwó. Jámánì dá Alsace àti Lorraine padà, ó pàdánù ilẹ̀ fún Poland, iye ọmọ-ogun rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju 100,000 lọ. Èyí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tí àwọn aṣẹ́gun máa ń ṣe. Abala 231 ni ó yàtọ̀.

Abala náà sọ pé Jámánì gbà pé òun àti àwọn tí ó bá òun jà ni yóò dáhùn fún gbogbo àdánù tí ogun tí wọ́n gbé ko àwọn aṣẹ́gun lójú mú bá wọn. Àwọn aṣojú Amẹ́ríkà kan ni ó lọ́wọ́ jù nínú kíkọ ọ́. John Foster Dulles, tí a wá mọ̀ dáadáa lẹ́yìn náà, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ète wọn ni kí wọ́n fi ẹnu gba gbogbo gbèsè lọ́wọ́ Jámánì nínú abala kan, kí wọ́n sì dín in kù nínú èyí tí ó tẹ̀ lé e. Nítorí abala 232 sọ ní kedere pé agbára Jámánì kò tó láti san gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bi kò sí nínú abala 231. Irú abala kan náà wà nínú àdéhùn ti Austria àti ti Hungary, ariwo rẹ̀ kò sì tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a lo èdè tiwa láti fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Yorùbá máa ń jẹ gbèsè, wọ́n sì máa ń jẹ ẹ̀bi. Ẹnu kan náà ni a fi ń jẹ méjèèjì, ṣùgbọ́n ikùn tí wọ́n ń lọ kì í ṣe ọ̀kan. Ẹni tí ajá rẹ̀ bu ọmọ aládùúgbò jẹ yóò sanwó ìtọ́jú ọmọ náà, kò sì sí ẹni tí yóò pè é ní ìkà. Gbà-má-bìínú ni ó san. Bí àwọn àgbà bá sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ tú ajá náà sílẹ̀ ni, owó kan náà di ìtanràn, ó sì di orúkọ lára ìdílé rẹ̀. Ní èdè Jámánì, ewu tí ó wà níbẹ̀ ju ti èdè wa lọ, nítorí pé Schuld ni wọ́n ń pe ẹ̀bi, Schulden sì ni gbèsè. Etí tí ó bá gbọ́ gbèsè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ẹ̀bi tán. Àwọn ará Jámánì sọ abala 231 ní abala ẹ̀bi ogun, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn títí di òní.

A kò lè sọ pé ìtumọ̀ nìkan ni ó fà á. Ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 1919, tí a pe àwọn aṣojú Jámánì wá gba ìwé náà, Brockdorff-Rantzau, olórí wọn, jókòó sórí àga rẹ̀ tí ó fi sọ̀rọ̀, kò dìde. Ó ní wọ́n fẹ́ kí àwọn jẹ́wọ́ pé àwọn nìkan ni ó jẹ̀bi, irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ yóò sì jẹ́ irọ́ lẹ́nu òun. Kò tíì ka ìwé náà nígbà tí ó sọ èyí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bi ti wà lẹ́nu gbogbo ayé kí ó tó di pé a wá a nínú ìwé. Nígbà tí Jámánì sì fi èsì ranṣẹ́, àwọn aṣẹ́gun dá a lóhùn ní oṣù Kẹfà pé ọ̀ràn tí ó dá ni ó burú jù nínú ọ̀ràn tí orílẹ̀-èdè kan tíì dá. Bí àwọn tí ó kọ abala náà bá tilẹ̀ ti fọgbọ́n yẹra fún ẹ̀bi, àwọn ọ̀gá wọn ni ó wá fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sí i.

Ti gbèsè fúnra rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ọdún 1921 wọ́n dá a sí bílíọ̀nù 132 máàkì wúrà, wọ́n sì ṣètò rẹ̀ lọ́nà tí a kò fi retí pé Jámánì yóò san èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láé. John Maynard Keynes ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nínú ìkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹfà ọdún 1919, ó sì ti kọ ìwé kan kí ọdún náà tó parí láti fi bú àdéhùn náà. Ìwé rẹ̀ dára púpọ̀ láti kà, n kò sì rò pé gbogbo ìṣirò inú rẹ̀ tọ̀nà. Ohun tí ó dájú ni pé ní ọdún 2010 ni Jámánì tó san èlé tí ó kẹ́yìn lórí owó tí ó yá nítorí gbèsè náà.

Ó wọ́pọ̀ kí a gbọ́ pé àdéhùn Versailles ni ó bí Ogun Àgbáyé Kejì. Mo rò pé ìyẹn ti pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ ajé ayé dàrú lẹ́yìn ọdún 1929, àwọn aláṣẹ Jámánì kan sì ṣílẹ̀kùn fún Hitler nígbà tí wọ́n lè tì í. Ṣùgbọ́n ó rí ohun tí yóò dì mú nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀bi yẹn. Ní oṣù Kìíní ọdún 1937 ó dúró níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó sì kéde pé òun yọ ọwọ́ Jámánì kúrò lábẹ́ ìjẹ́wọ́ náà. Nígbà yẹn, a kò gba owó kankan lọ́wọ́ Jámánì mọ́. Gbèsè ti lọ, ẹ̀bi ni ó kù. Àwọn àgbà wa sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ní Versailles, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́jọ́ ni ó tún jókòó sí orí àga adájọ́.

Mo wá kan ọ̀rọ̀ kẹta, tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Abala 119 gba gbogbo ilẹ̀ òkèèrè Jámánì lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni a ó fún? Wilson ti sọ fún ayé pé kò yẹ kí a máa fi àwọn ènìyàn ṣe pàṣípààrọ̀ láàrin ìjọba sí ìjọba bí ẹrù ọjà. Abala 22 ni wọ́n fi yanjú rẹ̀. Ó sọ pé àwọn ènìyàn kan wà tí wọn kò tíì lè dá dúró nínú ayé òde òní, pé ìtọ́jú wọn jẹ́ ohun mímọ́ tí a fi sí ìkáwọ́ ọ̀làjú, àti pé àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti gòkè ni yóò máa ṣe alágbàtọ́ wọn ní orúkọ Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè.

Yorùbá mọ àgbàtọ́ dáadáa. Ọmọ àgbàtọ́ ní ìyá tí ó bí i àti ìdílé tí ó ti wá. Àwọn wọ̀nyí ni ó fi í lé alágbàtọ́ lọ́wọ́, wọ́n sì lè gbà á padà bí ìyà bá ń jẹ ẹ́. Ẹ wá bi abala 22 léèrè: ta ni ó fi Togo àti Kamẹrúùnù lé alágbàtọ́ lọ́wọ́? Ní oṣù Keje ọdún 1919, nígbà tí àwọn alágbàtọ́ kò tíì gba ìwé àṣẹ kankan, Milner ti Gẹ̀ẹ́sì àti Simon ti Faransé ti jókòó, wọ́n ti fi ìlà pín ilẹ̀ méjèèjì láàrin ara wọn. Ọdún 1922 ni Ìmùlẹ̀ tó fọwọ́ sí i. Àwọn Ewe bá ara wọn ní ẹ̀gbẹ́ méjì ìlà kan tí wọn kò fà.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1919, Du Bois àti Blaise Diagne, ọmọ Senegal tí ó wà ní ilé aṣòfin Faransé, kó àwọn aṣojú 57 jọ sí Páríìsì láti bá ọmọ aláwọ̀ dúdú sọ̀rọ̀. Ìpàdé ńlá kò pè wọ́n wọlé. Ní oṣù Kẹrin, àwọn aṣojú Jàpáàn béèrè pé kí a kọ ọ̀rọ̀ kan sínú ìwé ìmùlẹ̀ náà pé orílẹ̀-èdè gbogbo dọ́gba. Nínú ìbò 17, 11 ni ó gbè é. Wilson, tí ó jẹ́ alága, ní kò lè wọlé nítorí pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó fọwọ́ sí i. Ẹ rántí pé òun kan náà ni ó ń wàásù ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn láti yan ìjọba tí ó wù wọ́n. Ilé aṣòfin Amẹ́ríkà pàápàá kò gba àdéhùn náà wọlé nígbẹ̀yìn.

Ìlà tí wọ́n fà wà síbẹ̀. Apá Kamẹrúùnù tí ó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni a ń ṣàkóso mọ́ Nàìjíríà. Ní ọdún 1961 àwọn ará àríwá rẹ̀ dìbò láti bá Nàìjíríà dúró, àwọn ará gúúsù rẹ̀ sì dìbò láti bá Kamẹrúùnù lọ. Ní ọdún 2002, nígbà tí ilé ẹjọ́ àgbáyé ń dá ẹjọ́ Bakassi, ìwé tí Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì fọwọ́ sí ní ọdún 1913 wà lára ohun tí ó gbé ìdájọ́ kà. Ìwé náà ti pẹ́ ju ìjọba méjèèjì tí ó kọ ọ́ lọ lórí ilẹ̀ yìí.

Ohun kan ṣẹ́kù nínú àdéhùn Versailles tí mo fẹ́ kí ẹ kà fúnra yín, abala 246. Nínú ọ̀rọ̀ gbèsè ni ó wà. Ó pàṣẹ pé láàrin oṣù mẹ́fà, kí Jámánì fi agbárí Ọba Mkwawa lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ọba àwọn Hehe ni Mkwawa, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tanzania lónìí. Ó bá Jámánì jà títí di ọdún 1898 tí ó kú, wọ́n sì gé orí rẹ̀ lọ. Nínú ìwé abala 440 yìí, tí aláàárù kò ti ní abala kankan, a dárúkọ ọba ilẹ̀ Áfíríkà kan nítorí egungun rẹ̀. Kì í sì í ṣe àwọn ọmọ rẹ̀ ni a ní kí a fún, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni. Oṣù mẹ́fà náà kọjá, agbárí kò jáde. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ní Tanganyika wọn àwọn agbárí tí ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Bremen ní Jámánì, ó mú ọ̀kan tí ó jọ ti ìdílé Mkwawa, ó sì gbé e dé Kalenga fún àwọn Hehe ní ọdún 1954. Ibẹ̀ ni ó wà títí di òní.